Ikú fún ajínigbé: ta ló máa fọwọ́ sí i?

Rédíò ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Kubwa, l'Abuja. Onígbàjámọ̀ náà, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, pa ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa: àwọn aṣòfin àgbà fẹ́ kí ìjínigbé di ìgbésùnmọ̀mí, kí ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi rẹ̀ kú. "Ó tọ́ bẹ́ẹ̀," ni bàbá tó wà lórí àga wí, ọṣẹ ṣì ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń dúró de tiẹ̀ dá sí i: "Bàbá, ẹ má bínú o. Àwọn tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún látọjọ́ yìí ńkọ́, ta ló pa wọ́n?" Ẹnì kẹta ní Ṣàríà ni wọ́n fẹ́ fọgbọ́n gbé wọ Kwara. Kí irun bàbá tó parí, wọ́n ti da ọ̀rọ̀ àbá tuntun náà pọ̀ mọ́ ti Ṣàríà, mọ́ ti ìdáríjì Ààrẹ, mọ́ ti obìnrin Abuja kan tí wọ́n ní wọ́n ti ṣàánú fún kí ilé ẹjọ́ tó tún dá ọwọ́ àánú náà padà.

Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni gbogbo rẹ̀ rọ́ lu ara wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn wọ ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin ní Maga, ìpínlẹ̀ Kebbi, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Erúkú, ní Kwara, nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, tí kámẹ́rà tó ń gbé ìsìn náà sí orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ló rí i lórí fóònù. Ní ọjọ́ 21, Papiri ní ìpínlẹ̀ Niger ló kàn, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ni wọ́n kó lọ níbẹ̀. Àwọn 38 tí wọ́n kó ní Erúkú padà wálé kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, àmọ́ inú ìlú ti gbóná.

Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, Ilé Aṣòfin Àgbà pinnu pé kí wọ́n tún òfin ìgbésùnmọ̀mí ọdún 2022 ṣe, kí ìjínigbé wọ inú rẹ̀, kí ikú jẹ́ ìjìyà rẹ̀, kí àyè owó ìtanràn má sì sí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá, àbá tí Sẹ́nétọ̀ Opeyemi Bamidele gbé wá gba kíkà kejì kọjá. Kì í ṣe ẹni tó gbé ìbọn nìkan ni wọ́n ń wá. Ẹni tó ń ta wọ́n lólobó, ẹni tó ń bá wọn gbé owó, ẹni tó fún wọn níbi tí wọ́n ń sá sí, gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ fi àwọ̀n kan náà kó.

Kíkà kejì kì í ṣe òfin. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé e, ará ìlú yóò sọ tẹnu wọn, kíkà kẹta yóò wáyé, Ilé Aṣojú-ṣòfin yóò ṣe tirẹ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Ojú ọ̀nà yìí gùn ju bí rédíò ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ilé àgbà kan náà fi ohùn ẹnu dìbò pé kí wọ́n máa pa àwọn tó ń ṣòwò oògùn olóró, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n gbére ló wà nínú ẹ̀dà tí Ilé Aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí. Sẹ́nétọ̀ Adams Oshiomhole bínú lọ́jọ́ náà. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kì í ṣe ohun tí à ń fi ariwo "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" parí, pé kí wọ́n ka orí. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn.

Ṣé kò ti sí òfin pé kí ajínigbé kú tẹ́lẹ̀ ni?

Ó wà. Láti ọdún 2017 ni òfin Èkó ti sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ajínigbé, pé bí ẹni tí wọ́n jí bá kú sí wọn lọ́wọ́, ikú ni. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní irú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá ti ní ikú nínú òfin ìgbésùnmọ̀mí, fún ìgbà tí ìwà náà bá gba ẹ̀mí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 kan náà, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ní Abuja ń dájọ́ Nnamdi Kanu lórí ẹ̀sùn ìgbésùnmọ̀mí, adájọ́ James Omotosho ní òun lè dájọ́ ikú, àánú ló jẹ́ kí òun sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére.

Ohun tí ikú tuntun yìí máa yí padà, tí àwọn èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà, ni tábìlì tí fáìlì ẹni náà yóò balẹ̀ sí. Ìwé òfin ọdún 1999 pín agbára ìdáríjì sí méjì. Apá 212 sọ pé bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá wà nínú òfin ìpínlẹ̀, gómìnà ló lè dárí jini tàbí dín ìjìyà kù. Apá 175 sọ pé bí òfin tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ṣe ni, Ààrẹ ni. Ìgbésùnmọ̀mí jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ló sì ń gbọ́ ọ. Nítorí náà, bí àbá yìí bá di òfin, ajínigbé tí wọ́n mú ní Ọ̀fà tàbí ní Kabba tí wọ́n sì gbé lọ síbẹ̀ kì í ṣe ẹrù gómìnà mọ́. Aso Rock ni fáìlì rẹ̀ ń lọ.

Kí ló wá dé tí àwọn tó yẹ kó fọwọ́ sí i kì í fọwọ́ sí i?

Ní Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́, àwọn Tẹ̀tú ló ń ṣe iṣẹ́ yìí fún Aláàfin, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè ìwé. Lónìí, láìsí ìwé tí gómìnà tàbí Ààrẹ fọwọ́ sí, okùn kò gbọdọ̀ mì. Ènìyàn tó ju 3,000 lọ ló wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà pẹ̀lú ìdájọ́ ikú lọ́rùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lo ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan rọ àwọn gómìnà pé kí wọ́n má sá fún iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n yẹgi fún ènìyàn mẹ́rin nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú Benin. Gómìnà Edo nígbà náà, tó fọwọ́ sí ìwé méjì nínú wọn, ni Adams Oshiomhole. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, wọ́n tún pa mẹ́ta níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Benin yẹn kọjá iye. Ẹnì karùn-ún wà níbẹ̀ tí wọn kò pa. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdigunjalè ní Kaduna ló dájọ́ ikú fún un ní 1995, láyé ìjọba ológun. Wọ́n mú un jáde pẹ̀lú àwọn mẹ́rin náà, wọ́n mú un dé ibi igi, wọ́n yẹgi fún wọn lójú rẹ̀. Nígbà tó kan òun, àwọn òṣìṣẹ́ tún ìwé rẹ̀ wò: ìbọn ni ìdájọ́ náà pè fún, kì í ṣe okùn, kò sì sí ẹni tó máa yìnbọn nítòsí. Wọ́n dá a padà sí yàrá rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí di oṣù kẹwàá ọdún 2014, tí gómìnà Kaduna fi dá a sílẹ̀. Ọdún 19 ló fi wà nínú ìdájọ́ ikú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí bébà ló sì yọ ọ́.

Ìbẹ̀rù àṣìṣe wà nínú ohun tó ń dá ọwọ́ àwọn gómìnà dúró. Ní 1981, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pa ọkùnrin kan tí ẹjọ́ kò-tẹ́mi-lọ́rùn rẹ̀ ṣì wà nílé ẹjọ́. Ní 1986, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ fún ìjọba náà pé ohun tó ṣe kò bófin mu, ó sì ní kí wọ́n san owó fún àwọn ẹbí rẹ̀. Owó kò sì jí òkú. Ìrántí ìgbà ológun náà tún wà. Láti 1971 ni wọ́n ti ń so àwọn adigunjalè mọ́ òpó ní etíkun Bar Beach, tí èrò ń lọ wò wọ́n bí ẹni lọ wo bọ́ọ̀lù. Ní oṣù kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta lórí oògùn olóró lábẹ́ Decree 20 ti 1984, òfin tí wọ́n fà sẹ́yìn kó lè mú ohun tí wọ́n ti ṣe kí òfin náà tó dé ayé. Ní 1995, wọ́n yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn ní Port Harcourt, gbogbo ayé sì ké. Olóṣèlú tó rántí gbogbo èyí, ó rọrùn fún un láti jẹ́ kí fáìlì sùn.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ìdájọ́ ikú lòdì sí ìwé òfin. Ní 1998, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ nínú ẹjọ́ Kalu àti ìjọba pé apá 30 ìwé òfin ọdún 1979 tó dáàbò bo ẹ̀mí, tó di apá 33 nínú ti 1999, fúnra rẹ̀ yọ ìdájọ́ ilé ẹjọ́ sílẹ̀. Ó bófin mu. Ẹni tó máa fọwọ́ sí i ló kù.

Obìnrin Abuja yẹn ńkọ́? Ṣebí Ààrẹ ti dárí jì í?

Ní oṣù kíní ọdún 2020, Ilé Ẹjọ́ Gíga Abuja dájọ́ ikú fún obìnrin kan lórí ikú ọkọ rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́mi-lọ́rùn fara mọ́ ọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, orúkọ rẹ̀ wà nínú àwọn 175 tí Ààrẹ Tinubu fẹ́ ṣàánú fún. Ariwo sọ, wọ́n tún ìwé náà wò, àánú rẹ̀ wá di ẹ̀wọ̀n ọdún 12. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá, adájọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún fi ìdájọ́ ikú náà múlẹ̀, wọ́n ní kò yẹ kí àánú ṣáájú ìparí ẹjọ́.

Àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń fa èyí mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àwọn kan ní apá 175 kò sọ pé kí Ààrẹ dúró de ilé ẹjọ́. Àwọn mìíràn ní bí wọ́n bá ń dárí ji ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí, ilé ẹjọ́ di eré. Ohun tó kàn wá ni pé ìbéèrè yìí gan-an ló ń dúró de Ààrẹ bí fáìlì àwọn ajínigbé bá bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Ṣé Ṣàríà ni wọ́n ń gbé wọ Kwara?

Rárá. Ilé Aṣòfin ní Abuja ló ń ṣe òfin yìí fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ẹ̀sìn kò sí nínú rẹ̀. Mo mọ ibi tí ìdàrúdàpọ̀ náà ti wá ṣá: àwa Yorùbá tó ń gbé òkè Ọya, àti àwọn tí ilé wọn wà ní Kwara àti Kogi, kì í ṣe òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní Ìbàdàn là ń lò. Criminal Code ni tiwọn. Penal Code ni ti àríwá, pẹ̀lú Abuja.

Ẹjọ́ ìpànìyàn wà lára ohun tó fa ìpínyà yẹn. Láyé òyìnbó, àwọn ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ lókè Ọya ń fi òfin Màlíkì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà òfin Ìsìláàmù, dájọ́. Nínú òfin yẹn, ẹbí ẹni tí wọ́n pa ló ní ọ̀rọ̀ sọ: wọ́n lè ní kí wọ́n pa apànìyàn náà, wọ́n lè gba diya, ìyẹn owó ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì lè dárí jì í pátápátá. Kò sí ibi tí apànìyàn ti lè sọ pé inú ló bí òun. Lójú Criminal Code, ẹni tí wọ́n múnú bí dé góńgó kò jẹ̀bi ìpànìyàn tó gba ikú. Ní 1947, ẹjọ́ kan láti Gwandu gbé òfin méjèèjì kọlu ara wọn níwájú ilé ẹjọ́ kò-tẹ́mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ti dájọ́ ikú, àwọn adájọ́ àgbà kò sì gbà á. Inú bí àwọn ẹ́míà. Ní 1958 ni wọ́n kó ìgbìmọ̀ jọ, olórí àwọn adájọ́ Sudan wà lára wọn, Penal Code sì jáde nígbà òmìnira ní 1960. Ti Sudan ni wọ́n wò kọ, Sudan sì ti wo ti Íńdíà tẹ́lẹ̀.

Ṣàríà ti ọ̀daràn jẹ́ ohun mìíràn. Ahmad Sani Yerima, gómìnà Zamfara, ló kéde rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1999, ìpínlẹ̀ 11 sì tẹ̀ lé e. Kwara kò sí níbẹ̀, Kogi kò sí níbẹ̀, Abuja kò sí níbẹ̀. Kwara ní Ilé Ẹjọ́ Ṣàríà Kò-tẹ́mi-lọ́rùn lóòótọ́, àmọ́ ìgbéyàwó, ogún àti irú ọ̀rọ̀ ilé bẹ́ẹ̀ ló wà fún. Ní àwọn ìpínlẹ̀ 12 náà, Mùsùlùmí ni òfin yìí mú, bóyá Hausa ni tàbí Yorùbá. Alhaja tó ń ta aṣọ ní Sabon Gari, Kano, wà lábẹ́ rẹ̀. Kristẹni tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ kangun síra kò sí, àfi bó bá fọwọ́ síwèé pé òun gbà.

Ṣé wọ́n ti sọ ẹnikẹ́ni lókùúta pa rí?

Wọ́n ti dájọ́ rẹ̀, wọn kò ṣe é rí nílé ẹjọ́ Nàìjíríà. Ẹjọ́ méjì lórí zina, ìyẹn àgbèrè, ló gba ayé kan. Ní Sokoto, wọ́n dá obìnrin kan sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2002, nítorí ohun tí wọ́n ní ó ṣe ti ṣẹlẹ̀ kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀. Ní Katsina, oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, adájọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún dá obìnrin kejì sílẹ̀. Ìjẹ́wọ́ rẹ̀ kò múná dóko, wọ́n ní ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kó o jẹ. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀, Hauwa Ibrahim wà lára wọn, tún lo ohun tí Hausa ń pè ní kwantacce, oyún tó sùn: àwọn onímọ̀ Màlíkì gbà pé oyún lè sùn sínú fún ọdún bíi mélòó kan, nítorí náà ọmọ tí obìnrin bí lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ lè jẹ́ ti ọkọ àtijọ́. Ẹ rí i pé inú Ṣàríà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ tó gbà á là yọ.

Ẹnì kan ni wọ́n mọ̀ pé wọ́n pa lẹ́yìn ìdájọ́ ilé ẹjọ́ Ṣàríà láti 1999: wọ́n yẹgi fún ọkùnrin kan ní Kaduna ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002 lórí ìpànìyàn. Wọ́n gé ọwọ́ ẹnì kan ní Zamfara ní 2000 lórí màlúù tó jí. Lẹ́yìn ìwọ̀nba díẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀bẹ náà dúró, ìdájọ́ ṣì ń bọ̀. Ní Kano, ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n dájọ́ ikú fún ọ̀dọ́ olórin kan pé ó tàbùkù Ànábì. Gómìnà Abdullahi Ganduje ní òun kò ní fi àkókò ṣòfò láti fọwọ́ sí i. Olórin náà pe ẹjọ́ kò-tẹ́mi-lọ́rùn, ilé ẹjọ́ gíga fagi lé ìdájọ́ náà, wọ́n ní kí wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́, ó sì ti dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ pé òfin ìtàbùkù ẹ̀sìn ti Kano tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.

Ẹgba ńkọ́?

Ẹgba kò nílò ìbuwọ́lù gómìnà, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀. Penal Code ti 1960 ti ní ẹgba hadd, ìyẹn ìjìyà tí òfin Ìsìláàmù là kalẹ̀, fún Mùsùlùmí lórí zina, ọtí àti ìbanilórúkọjẹ́, ọdún 39 ṣáájú Zamfara. Ìtìjú ni wọ́n fẹ́, kì í ṣe ọgbẹ́: ẹni tó mú bulálà kò gbọdọ̀ na apá sókè kó fi gbogbo agbára nà án. Ó yàtọ̀ sí kóbókò sójà. Apá 55 òfin kan náà gba òbí, olùkọ́, ọ̀gá iṣẹ́, àní ọkọ pàápàá, láàyè láti fi nínà "tọ́" ẹni tó wà lábẹ́ wọn, bí kò bá ti ṣe é léṣe gidi. Ní Abuja, òfin VAPP ọdún 2015, tó lòdì sí ìwà ipá, ti sọ lílu ìyàwó di ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ọdún 2003 kò gbà kí ilé ẹjọ́ na ọmọ lẹ́gba tàbí kó dájọ́ ikú fún un.

Nílé kéwú, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, fídíò kan jáde láti ilé kéwú kan ní Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ń na àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní wọ́n mutí níbi ọjọ́ ìbí. Ìjọba Kwara dá sí i. Àwọn òbí kan sì jáde pé àwọn ló ní kí wọ́n nà wọ́n.

Báwo ló ṣe rí láwọn ilẹ̀ mìíràn?

Ní 2024, Amnesty International ka 1,518 ènìyàn tí ìjọba pa kárí ayé, láìka ti Ṣáínà tó fi tirẹ̀ pamọ́. Iran pa 972 nínú wọn, Saudi 345, Iraq 63. Orílẹ̀-èdè 15 péré ló pa ẹnikẹ́ni lọ́dún náà. Ní àdúgbò wa, Togo fagi lé e ní 2009, Sierra Leone ní 2021, aṣòfin Ghana sì dìbò ní 2023 pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú òfin ọ̀daràn wọn. Ẹni tó bá sọdá ààlà lọ sí Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí ti wọ ilẹ̀ tí wọn kì í ti í dájọ́ ikú. Amẹ́ríkà ṣì ń pa: ní oṣù kíní ọdún 2024, Alabama fi afẹ́fẹ́ nitrogen pa ẹlẹ́wọ̀n kan, àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ní ti ẹgba, Saudi fi owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n rọ́pò púpọ̀ nínú rẹ̀ ní 2020, Singapore ṣì ń nà, ó sì ń yẹgi fún ẹni tó bá gbé heroin tó ju gíráàmù 15 lọ.

Kí làwọn tó fẹ́ ẹ àti àwọn tó kọ̀ ọ́ ń wí?

Àwọn tó fẹ́ ẹ ń wo Erúkú. Wọ́n ní ajínigbé kò bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n, pé ó lè san owó jáde níbẹ̀, pé ẹni tó ń ta wọ́n lólobó nínú ìlú ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ̀n. Àwọn tó kọ̀ ọ́ ń bẹ̀rù ẹni tí wọ́n jí gbé: bí jíjí nìkan bá ti tó ikú, kí ló máa mú ajínigbé dá ẹlẹ́rìí sí? Wọ́n tún ní àwọn orílẹ̀-èdè kan kì í fa ọ̀daràn lé ilẹ̀ tó máa pa á lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ owó ìràpadà sì ń gba òkè òkun kọjá.

Ohun kan wà nínú ìtàn Gẹ̀ẹ́sì tí ẹgbẹ́ méjèèjì ń fà sọ́dọ̀ ara wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, ẹ̀ṣẹ̀ tó gba ikú níbẹ̀ lé ní 200. Ẹni tó bá jí ẹrù tó tó ṣílè 40 nínú ilé onílé, ikú ni. Àwọn ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń dájọ́ wá ń kéde pé ẹrù náà tó ṣílè 39. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹni tó kọ̀ ọ́ ní ẹ rí i, òfin tó le jù ń sọ adájọ́ di òpùrọ́. Ẹni tó fẹ́ ẹ ní ti jíjí aṣọ nìyẹn, kì í ṣe ti jíjí ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló yẹ kí ẹni tó ń tẹ̀ lé àbá yìí máa wá nínú ẹ̀dà tó bá kẹ́yìn: ṣé adájọ́ "lè" dájọ́ ikú ni, àbí ó "gbọ́dọ̀" dá a. Fún ìpànìyàn ní Nàìjíríà, "gbọ́dọ̀" ni. Adájọ́ kò ní ibi tó lè yà sí. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Kenya fagi lé "gbọ́dọ̀" fún ìpànìyàn ní 2017, Malaysia náà yọ tirẹ̀ ní 2023. Bó bá jẹ́ "lè" ló wọlé, adájọ́ yóò ya ẹni tó ta wọ́n lólobó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó yìnbọn. Bó bá jẹ́ "gbọ́dọ̀", wọ́n jọ ń lọ sí Aso Rock nínú fáìlì kan náà.